Ẹ Yé Torí Báàsì Ra Earpiece

Bí ẹ bá dúró níwájú tábìlì ẹni tó ń ta ẹrù fóònù lẹ́nu géètì, ìbéèrè kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá wá ra earpiece: "Ṣé báàsì rẹ̀ wà ńbẹ̀?" Ọlọ́jà á ní ó wà ńbẹ̀ gan-an. Á kì í bọ fóònù tirẹ̀, á tẹ orin kan tó ti yàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn nìkan, orin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi agolo mílíìkì gbọ́ ọ, á ṣì máa dún gbì-gbì-gbì. Ẹni tó wá rajà á mi orí, á sanwó, ó di yàrá. Àwa tí a ń kọ̀wé síbí ti sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa títí, ohun tí a sì fẹnu kò sí ni pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ba ọjà jẹ́ fún wa. Báàsì kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ṣé a ó gbọ́ ohun tí olórin ń wí, ṣé a ó gbọ́ ohun tí onílù ń fi ìlù sọ, ṣé a ó sì lè gbọ́ ọ láìjẹ́ pé a gbé ohùn fóònù dé òkè téńté?

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, earpiece ni a ó máa pe kékeré tí à ń kì bọ etí, ì báà ní wáyà, ì báà má ní. Headphone ni ńlá tí à ń gbé kọ́rí. Orin tí à ń fi fóònù gbọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ńlá ní pálọ̀ lè máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí báàsì bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ìjà wà lórí rẹ̀. Etí ọ̀dọ́ tó dá pé lè gbọ́ ìró láti nǹkan bíi 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni báàsì wà. Ohùn ènìyàn àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wà láàárín. Ìró bíi s àti f, tó ń jẹ́ ká mọ "sá" yàtọ̀ sí "fá", wà lókè ju ìyẹn lọ. Bí Ọlọ́run ṣe dá etí ni pé bí ìró ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, ó máa ń bo ìró tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ lè bo ti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, earpiece tí wọ́n bá ti rọ báàsì sí lápọ̀jù kò kàn fi kún orin, ó ń yọ nínú orin náà ni. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n da ata sí títí tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò fi mọ̀ bóyá ẹ̀gúsí ni àbí ẹ̀fọ́.

Fún ẹlòmíràn, ìyẹn lè má ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Fún àwa tí à ń gbọ́ orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni. Ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní ni onílù ń gbé sórí awọ. Ìyáàlù kò ní s, kò ní f, kò ní a tàbí i. Gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn, àti bí ohùn náà ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, ni gbogbo ohun tó ní láti fi bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹni tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ gan-an, ohùn ló fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ìlù tí kò ní ẹnu. Bí báàsì bá ti bo ibi tí ohùn yẹn ti ń yọ́, ohun tó kù fún wa ni pé ẹnì kan ń lu nǹkan níbì kan. A ti sanwó dátà, a ti gbọ́ orin tán, a ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú King Sunny Adé, àwo Juju Music tó jáde ní 1982. Ẹ kọ́kọ́ fi earpiece alábáàsì gbọ́ ọ. Gìtá báàsì á kún inú etí yín bámú, gìtá yòókù á máa dún lókèèrè, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ á sì dà bí ẹni tó ń wí tẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wá yá èyí tí ohùn rẹ̀ ṣe déédéé lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Ẹ ó rí i pé ìlù náà bọ́ síwájú, ó ní àyè tirẹ̀, gìtá kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀, ẹ sì lè nawọ́ sí ibi tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jókòó sí. Ti àpàlà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin Haruna Ishola àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà tí à ń rí lórí fóònù lónìí, láti ara àwo àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ohùn ènìyàn àti ìlù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fi báàsì kún nǹkan gbọ́ wọn, ẹ ó kàn gbọ́ ẹrẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń sọ pé orin àwọn bàbá wa kò dùn, pé ó ń dún gógó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ earpiece wọn ló ń dún gógó.

A mọ èsì tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn á ní amapiano ni òun ń gbọ́, pé báàsì ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé orin tó ti Gúúsù Áfíríkà wá yẹn kò ṣeé gbọ́ láìsí ìró ìsàlẹ̀ tó kún, a ò sì sọ pé kí ẹ lọ ra earpiece tó ń dún bí ìyẹ́ kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Asake nínú Mr. Money With the Vibe, 2022. Ìró ìsàlẹ̀ wà ńbẹ̀, àwọn elégbè tó ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀ náà wà ńbẹ̀, wọ́n pọ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Earpiece tó dára á gbé méjèèjì wá láìjẹ́ kí ọ̀kan jókòó lé èkejì lórí. Báàsì tó dára a máa lù, a sì máa dákẹ́ nígbà tó bá yẹ. Èyí tí kò dára kì í dákẹ́. Ó ń hó lọ ṣáá ni.

Ohun kan wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ, tó sì jẹ́ pé òun ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹjọ́ "kò ní báàsì" yìí. Bí earpiece kò bá dí ihò etí pa, báàsì á jò jáde. Inú páálí earpiece tó ní rọ́bà lẹ́nu, ẹ sábà máa ń rí rọ́bà kékeré, ti àárín àti ńlá. Èyí tí wọ́n ti fi sí i láti ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, yòókù á bá páálí lọ sínú ilẹ̀. Ìwọ̀n etí kò dọ́gba láàárín ènìyàn; kódà etí ọ̀tún àti etí òsì ẹnì kan náà lè má dọ́gba. Ẹ ṣe báyìí: ẹ ki earpiece bọ etí, ẹ tẹ orin, kí ẹ wá fi ìka tì í díẹ̀ sínú. Bí báàsì bá ṣàdédé kún nígbà tí ẹ tì í, earpiece yín kò ṣẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ló kéré. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà. A mọ àwọn tó ra earpiece mẹ́ta léra wọn nítorí rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan. Bí èyí tí kò ní rọ́bà rárá, tó kàn jókòó sẹ́nu etí bíi ti inú páálí fóònù àtijọ́, kò bá dúró létí yín, kò sí oògùn tí ẹ máa fi wò ó. Ẹ gbé e fún ẹni tó bá a mu.

Ọ̀rọ̀ dídí etí yìí kò pin sórí báàsì, ibẹ̀ ló sì ti kan ara wa. Ẹni tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí yàrá inú ìlú mọ ohun tí à ń wí: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Earpiece tó ṣí sílẹ̀ létí á jẹ́ kí gbogbo ariwo yẹn wọlé. Ọwọ́ wa á sì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè láìbéèrè lọ́wọ́ wa, kí orin lè borí jẹnẹrétọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ló wà nínú ewu kí etí wọn bàjẹ́ láìní àtúnṣe nítorí irú ìgbọ́kúgbọ̀ọ́ yìí. Ìwọ̀n tí WHO àti ITU fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ibi tó gbẹgẹ́ níbẹ̀ nìyí: gbogbo ìgbà tí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 bá kún un, àkókò náà á já sí ìdajì. Bó bá di 83, wákàtí 20. Bó bá di 86, wákàtí 10. Ní 89, wákàtí 5. Ẹni tó bá gbé e dé 92 kò ní ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ fún odidi ọ̀sẹ̀, ẹni tó sì ń fi earpiece kàwé mọ́jú á ti jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú.

Irun tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà nínú etí tó ń gba ìró fún wa. Bó bá ti kú, kì í hù padà lára ọmọ ènìyàn. Àwọn tó ń gba ìró òkè ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyẹn àwọn tó ń jẹ́ ká mọ "sá" yàtọ̀ sí "fá". Ẹni tó bá ń gbọ́ hìììì nínú etí lẹ́yìn tó yọ earpiece, etí rẹ̀ ń ké sí i nìyẹn. Nínú àwa tí a jọ ń kọ èyí, ẹni méjì ló ń gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ lóru, ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ sì ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé earpiece tó dí etí dáadáa ló yẹ ká wá, kì í ṣe èyí tó lè pariwo jù. Bí ariwo ìta bá ti dín kù, orin á tó wa gbọ́ ní ìdajì ohùn fóònù. Èyí tí wọ́n kọ ANC sára páálí rẹ̀ tún fi ọgbọ́n kún un: máìkì kékeré wà lára rẹ̀ tó ń gbọ́ ariwo ìta, á sì dá ìró tó dojú kọ ọ́ láti pa á. Ariwo ìsàlẹ̀ tó dúró lójú kan, bíi ti jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ́ńjìnì ọkọ̀, ló mọ̀ ọ́n pa jù. Ohùn rúùmeètì tó ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù á ṣì wọlé. Bí owó bá wà, tó sì jẹ́ ojúlówó, ó dára. Bí kò bá sí, rọ́bà tó bá etí mu á ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà láìlo bátìrì. Ní títì ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ létí, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́kadà kò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ orin.

Oníwáyà ni tiwa àbí oní-Bluetooth? Ibí yìí ni ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò. Ẹni tó ní oní-Bluetooth kì í fẹ́ gbọ́ pé wáyà dára. Ṣùgbọ́n tí a bá fi owó akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, oníwáyà ló borí. Iye kan náà tí ẹ bá kó lé méjèèjì, ti oníwáyà lọ sórí ohùn. Ti èkejì pín sórí bátìrì, rédíò kékeré àti páálí tó ń ṣáàjì rẹ̀. Oníwáyà kò nílò iná, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹyọ kan rẹ̀ kò lè jábọ́ sínú gọ́tà kó fi èkejì sílẹ̀ ní opó. Bátìrì kékeré inú oní-Bluetooth ń gbó bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, pípààrọ̀ rẹ̀ kì í sì í rọrùn. Wáyà tó bá já lọ́rùn, atúnfóònù-ṣe lẹ́bàá ọ̀nà lè jó o pọ̀ padà. Fún ẹni tó fẹ́ sáré ní pápá tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá, a gbà, wáyà á dí i lọ́wọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ihò wáyà ń pòórá lára fóònù. Apple yọ ọ́ lára iPhone 7 ní 2016, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti tẹ̀ lé wọn. Bí fóònù yín bá ní ihò 3.5 mm, ẹ wo ẹnu wáyà kí ẹ tó sanwó: òrùka dúdú mẹ́ta túmọ̀ sí pé ó ní máìkì, méjì túmọ̀ sí pé kò ní. Bó bá jẹ́ Type-C nìkan ló ní, ẹ má ra ẹnu ìyípadà láìfi fóònù yín gan-an dán an wò níwájú ọlọ́jà. Àwọn fóònù kan ń fi ìró jáde láti ihò yẹn fúnra wọn. Àwọn mìíràn ń retí pé ẹnu ìyípadà náà ni yóò ṣe iṣẹ́ yíyí nọ́ńbà padà sí ìró. Èyí tó bá fóònù ọ̀rẹ́ yín ṣiṣẹ́ lè yadi pátápátá lára ti yín. Fún àwọn tó yan Bluetooth, ẹ wo ohun tí fóònù yín ń sọ kí ẹ tó sanwó orúkọ ńlá. LDAC tí Sony ṣe ti wà nínú Android láti ọdún 2017, ṣùgbọ́n iPhone kò lò ó. AAC ni tirẹ̀. Ẹni tó ní iPhone tó ń wá earpiece torí LDAC ń ra bàtà fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dárà pẹ̀lú headphone sítúdíò, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín. Agbára ìdènà tí wọ́n ń fi òòmù wọ̀n wà lára páálí. Fún fóònù, ẹ wá èyí tó wà ní nǹkan bíi 16 sí 32. Sennheiser HD 600 jẹ́ òòmù 300; headphone iyì ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù kò ní agbára tó lè gbé e, ohùn rẹ̀ á sì tẹ́lẹ̀ pẹẹrẹ. Beyerdynamic DT 770 Pro wà ní 32, ó wà ní 80, ó sì wà ní 250, ìrísí wọn jọra. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Nípa orúkọ: lọ́jà bíi Computer Village ní Ìkẹjà, ojúlówó wà, ayédèrú sì wà, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì lè wà. Bí wọ́n bá ń ta ohun tí ẹ mọ̀ pé olówó iyebíye ni ní iye oúnjẹ ọjọ́ méjì, orúkọ ni ẹ rà, ẹ ò ra ohùn. Ó sàn kí ẹ ra ojúlówó ilé iṣẹ́ tí kò lókìkí ju ayédèrú ilé iṣẹ́ tó lókìkí lọ. "Super Bass" àti "HiFi" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, orin tiyín ni kí ẹ mú lọ, orin tí ẹ mọ̀ látòkè délẹ̀, kó sì wà lórí fóònù yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ohùn ènìyàn ní pàtàkì, kí ìkẹta jẹ́ èyí tó ní báàsì. Ẹ gbọ́ wọn ní ohùn kékeré. Etí wa máa ń rò pé èyí tó dún jù ló dára jù, ọlọ́jà sì mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbé e sókè kó tó fún yín. Bí ẹ bá ń fi méjì wé ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dún dọ́gba. Bí orin náà bá jẹ́ MP3 128 kbps, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ earpiece kankan.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣí equalizer inú fóònù yín. Ẹ fa báàsì wálẹ̀ díẹ̀, ẹ tún gbọ́ orin náà. Kí ẹ sì wo ojú àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu èyí tí ẹ ní, pàápàá bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti lọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kò kú. Ìdọ̀tí etí ló dí i. Ẹ yọ rọ́bà rẹ̀, ẹ dojú àwọ̀n náà kọ ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ tó sì gbẹ gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má sì da omi sí i.